Òjé Inú Bátìrì: Ìtàn Òbíríkítí Kan Tí Ó Gba Ilẹ̀ Wa Kọjá

Ní apá ibí yìí, láàárín àwọn òkè Dassa-Zoumè, Glazoué àti Savalou, orúkọ méjì ni a mọ̀ fún ohun tí ń fún wa ní iná láìsí wáyà. Èyí tí ó kéré, tí a ń kì bọ inú tọ́ọ̀ṣì àti rédíò, píìlì ni a ń pè é, gẹ́gẹ́ bí àwọn Faransé ti ń pè é. Èyí tí ó tóbi, tí ó sì wúwo, tí ó wà lábẹ́ ìjókòó alùpùpù tàbí níwájú ọkọ̀, bátìrì ni. Àwọn ará Èkó àti Ìbàdàn kì í ya méjèèjì sọ́tọ̀. Bátìrì ni wọ́n ń pe gbogbo rẹ̀. Nínú àròkọ yìí, a óò di ìyàtọ̀ ti ìhà ọ̀dọ̀ wa mú, nítorí pé ìtàn ọ̀kan kì í ṣe ìtàn èkejì. Píìlì a máa kú, a ó sì sọ ọ́ nù. Bátìrì kì í kú pátápátá: òjé inú rẹ̀ a máa padà sínú iná, a sì máa tún ayé wá.

Ọ̀rọ̀ tí ó gbòde láàárín àwọn onímọ̀ lónìí ni pé kí ohun tí a bá ṣe má ṣe parí sí ààtàn, kí ó máa yí po bí òbíríkítí, kí ohun àlòkù di ohun èlò fún tuntun. Wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni pé nǹkan àjèjì ni, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ àwa ará Áfíríkà. Èrò tiwa yàtọ̀. Bí a bá wo ìtàn bátìrì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, a óò rí i pé òbíríkítí náà ti wà tipẹ́, àní ó ń yí kánkán ju bí àwọn ẹlòmíràn ti rò lọ. Ìbéèrè tí ó kù ni èyí: àgbàlá ta ni ó ń gbà kọjá?

Ilé àgbẹ̀dẹ ni ó yẹ kí ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Kí irin òyìnbó tó kún ọjà, inú òkúta ni àwọn baba wa ti ń yọ irin. Ní Bassar, ní àríwá ilẹ̀ Tógò, àwọn ìléru amọ̀ gíga ṣì wà títí di òní tí ń jẹ́rìí sí iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó bá mọ iye igi tí a ní láti sun di èédú, àti iye ọjọ́ tí a fi ń tọ́jú iná, kí ìwọ̀nba irin kékeré tó jáde, kò ní bèèrè ìdí tí ẹnikẹ́ni kì í fi í ju irin nù. Ọkọ́ tí ó bá jẹ títí tí kò lè wú ebè mọ́, ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ni yóò padà sí. Yóò di ọ̀bẹ, tàbí ìdì ọfà, tàbí kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin mìíràn. Ẹwìrì, ẹmú àti ọmọ owú ni ohun èlò àtúnlò tí ó ṣáájú gbogbo ilé-iṣẹ́ tí a ń ròyìn rẹ̀ lónìí.

Òjé pàápàá kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ Yorùbá. Ó wà nínú ọ̀pọ̀ ère idẹ tí àwọn ọ̀mọ̀wé yẹ̀ wò ní Ilé-Ifẹ̀, nítorí pé òjé a máa mú kí idẹ tí a yọ́ ṣàn dáadáa nínú àpẹẹrẹ. Àwọn apẹja a máa so ó mọ́ etí àwọ̀n kí àwọ̀n lè rì. Àwọn ọdẹ a máa fi ṣe ọta ìbọn. Tìróò tí àwọn ìyá wa ń lé sójú, òkúta tí òjé wà nínú rẹ̀ ni a sábà máa ń lọ̀ láti fi ṣe é. Àwọn olórìṣà Ọbàtálá a máa fi ẹ̀gbà òjé sí ọwọ́, láti ibẹ̀ sì ni òwe ti jáde pé a ti fi òjé bọ olóòṣà lọ́wọ́, ó ku baba ẹni tí yóò bọ́ ọ. Àwọn àgbà ń fi òwe náà sọ nípa ohun tí a ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ tí kò ṣeé yí padà. A bẹ òǹkàwé kí ó fi òwe yìí sọ́kàn, nítorí pé nígbà tí a bá dé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọdé, yóò rí i pé ó ṣẹ lọ́nà tí àwọn àgbà kò rò.

Òjé inú bátìrì yàtọ̀ sí ti ẹ̀gbà ní ọ̀nà méjì: ó pọ̀, ó sì ń di ìyẹ̀fun. Ọdún 1859 ni Gaston Planté, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti pẹlẹbẹ òjé méjì bọ inú ásíìdì, tí ó sì rí i pé bí iná inú rẹ̀ bá tán, ó ṣeé fi iná kún padà. Ní ọdún 1881, Camille Faure, ọmọ ilẹ̀ Faransé bákan náà, fi ìyẹ̀fun òjé pò bí ẹ̀kọ, ó sì fi kun pẹlẹbẹ náà, bátìrì sì di ohun tí ilé-iṣẹ́ lè ṣe lọ́pọ̀ yanturu. Láàárín àwọn méjèèjì, ní ọdún 1866, Georges Leclanché ti ṣe irú píìlì tí ó jẹ́ baba ńlá èyí tí a ń rà lọ́jà lónìí: síńkì lápá kan, màńgánísì àti èédú lápá kejì. Èyí kò ṣeé fi iná kún. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà méjèèjì ti pínyà.

Ní ilẹ̀ Dàhòmì, píìlì ni ó kọ́kọ́ dé, pẹ̀lú ìjọba amúnisìn. Òun ni ó ń fún ẹ̀rọ tẹlẹgíráàmù lágbára ní àwọn ibùdó ìjọba àti ní ojú irin tí ó ti Kùtọ̀nú bọ̀, tí ó gba Dassa kọjá lọ sí Ṣábẹ̀, tí ó sì dé Parakou ní ọdún 1936. Bátìrì ní tirẹ̀ bá ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rìn. Láti ọdún 1912, nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ iná tí ń ṣí ọkọ̀ sínú Cadillac ní Amẹ́ríkà, tí awakọ̀ kò fi ní láti máa fi ọwọ́ wa ẹ́ńjìnì kí ó tó ṣí, díẹ̀díẹ̀ ni gbogbo ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé òjé kiri. Bátìrì ọkọ̀ kékeré kan a máa ní nǹkan bí kìlógíráàmù òjé mẹ́wàá nínú.

Ohun tí ó mú píìlì wọ abúlé ni rédíò kékeré tí ó jáde ní ọdún 1954, tí kò nílò wáyà. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1960, nígbà tí Dàhòmì gba òmìnira, àti ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 1972, nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba, agbára píìlì ni ó gbé ìròyìn náà dé etí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ní ìgbèríko wa. Píìlì kò wọ́n púpọ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò kéré lójú ẹni tí kò tíì ta iṣu. Nítorí náà ni a ṣe ń sá a sóòrùn kí ó lè tún sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i, tí àwọn kan sì ń fi eyín tẹ ìdí rẹ̀.

Nígbà tí ó bá kú tán, ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń lọ. Àwọn olùkọ́ tí ó ṣáájú wa kò jẹ́ kí píìlì tí ó kú lọ lásán. Bí pátákó ìkọ̀wé bá ti ṣí, tí ẹfun kò hàn lórí rẹ̀ mọ́, wọn a ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú píìlì àlòkù wá láti ilé. A ó fi òkúta fọ́ ọ, a ó yọ èédú dúdú inú rẹ̀, a ó gún un pọ̀ mọ́ ewé tútù, a ó sì fi kun pátákó náà títí yóò fi dúdú kirimú. Àwa náà wà lára àwọn ọmọ tí ó gún un rí, ọwọ́ wa a sì máa dúdú di ọjọ́ kejì. Nǹkan dúdú yẹn, màńgánísì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kì í sì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ọmọdé máa fà símú. Síbẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo tí a mọ̀ tí píìlì gbà ní ayé kejì ní abúlé wa ni ìyẹn. Lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọ̀dà fún pátákó, ààtàn àti ilé ìgbẹ́ ni ó kù fún píìlì.

Ti bátìrì kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí pé òkú rẹ̀ ní iye lórí. Òjé a máa yọ́ ní ìwọ̀n gbígbóná 327, èyí tí iná èédú lásán lè ṣe. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní àáké, ìkòkò irin àti ẹwìrì lè fọ́ bátìrì, kí ó da ásíìdì rẹ̀ sílẹ̀, kí ó yọ́ òjé inú rẹ̀, kí ó sì tà á. Nítorí náà, láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti pọ̀ lójú títì wa ni àwọn tí ń ra irin àlòkù ti ń wọn bátìrì tí ó kú lórí òṣùwọ̀n, láti Glazoué dé Kùtọ̀nú, láti Kùtọ̀nú dé Èkó. Ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, wọ́n ń fi í yangàn pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo bátìrì òjé ni ó ń padà sí ilé-iṣẹ́. Lọ́dọ̀ wa, a kò fi yangàn, ṣùgbọ́n ta ni ó ti rí bátìrì ọkọ̀ tí ó pẹ́ lórí ààtàn rí? Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹnì kan yóò ti gbé e. Bí ó bá jẹ́ pé yíyí po nìkan ni ìgbàlà, à bá ti là tipẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Dakar. Ní oṣù kẹfà ọdún 2001, àwọn ìjọba Áfíríkà pàdé níbẹ̀, wọ́n sì pinnu pé kí a yọ òjé kúrò nínú epo ọkọ̀, nítorí pé èéfín rẹ̀ ń ba ọpọlọ àwọn ọmọ jẹ́. Nígbà tí ọdún 2006 fi máa wọlé, ìpinnu náà ti ṣẹ ní ìsàlẹ̀ Sàhárà. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì yẹ kí a kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa nípa rẹ̀ ju bí a ti ń ṣe lọ. Ṣùgbọ́n ní etí ìlú Dakar kan náà, ní àdúgbò Ngagne Diaw ní Thiaroye-sur-Mer, àwọn ènìyàn ti ń fọ́ bátìrì láti ọdún 1995. Ilẹ̀ iyanrìn ni ibẹ̀. Ìyẹ̀fun òjé ń wọ inú iyanrìn lọ lọ́dọọdún, kò sì sí ẹni tí ó kà á sí. Nígbà tí owó òjé lọ sókè lọ́jà àgbáyé, àwọn ará àdúgbò rí i pé iyanrìn tí àwọn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ti di ọjà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á, wọ́n ń fi asẹ́ sẹ́ ẹ, wọ́n ń kó o sínú àpò wọ inú ilé, àwọn ìyá gbé ọmọ pọ̀n sẹ́yìn bí wọ́n ti ń sẹ́ ẹ.

Láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2007 àti oṣù kẹta ọdún 2008, ọmọdé méjìdínlógún kú ní àdúgbò kan ṣoṣo yẹn. Gìrì ń mú wọn, ara wọn ń gbọ̀n, wọn kò sì jí mọ́. Àwọn dókítà kọ́kọ́ kà á sí àrùn ọpọlọ tí a kò mọ orísun rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé àdúgbò náà wò, òjé inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 40 máíkírógíráàmù nínú dẹ̀sílítà kan, ó sì ga dé 614. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bí ó bá ti dé 5 péré, ó yẹ kí a wá ibi tí ó ti ń wọlé kí a sì dí i. Àwọn kan lè sọ pé àìmọ̀ ni ó pa àwọn ọmọ náà. A kò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Òótọ́ ni pé àwọn ìyá kò mọ ohun tí òjé ń ṣe nínú ọpọlọ ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ra òjé náà lọ́wọ́ wọn, tí ó sì ń kó o lọ sí ọkọ̀ ojú omi, kò bèèrè bí wọ́n ti rí i. Iye kìlógíráàmù ni ó bèèrè.

Òjé kì í jáde lára bí omi. A máa fara pamọ́ sínú egungun bí ẹni pé kálísíọ́mù ni, ibẹ̀ ni yóò sì wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìyá tí ó ní in nínú egungun lè gbé e fún ọmọ inú rẹ̀. Ọmọ tí kò kú lè máà gbọ́ràn dáadáa, kí ó má lè fi ọkàn sí ẹ̀kọ́, kí a sì máa pè é ní olódo. Oògùn wà tí ń fa díẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ohun tí ó ti bàjẹ́ nínú ọpọlọ kì í padà bọ̀ sípò. A ti fi òjé bọ olóòṣà lọ́wọ́. Ní ọdún 2020, UNICEF àti ẹgbẹ́ Pure Earth kọ ìwé kan tí ó sọ pé ọmọ kan nínú mẹ́ta lágbàáyé, nǹkan bí 800 mílíọ̀nù, ni ó ní òjé tí ó tó 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ẹ̀jẹ̀. Àwa tí a jẹ́ olùkọ́ kò gbọdọ̀ ka irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ bí ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè.

Thiaroye kọ́ ni ó kẹ́yìn. Ní Owino Uhuru, ní Mombasa, ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, ilé-iṣẹ́ tí ń yọ́ bátìrì ba ẹ̀jẹ̀ àwọn ará àdúgbò jẹ́. Ìyá kan tí ó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Phyllis Omido, rí i pé ọmọ òun ń ṣàìsàn, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà títí ó fi gba ẹ̀bùn Goldman ní ọdún 2015. Ní ọdún 2020, ilé-ẹjọ́ dá àwọn ará àdúgbò láre pẹ̀lú owó ìtanràn tí ó lé ní bílíọ̀nù kan ṣílè ilẹ̀ Kẹ́ńyà.

Èyí tí ó sún mọ́ wa jù lọ ni ti Ogijo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ní ibi tí ilẹ̀ Rẹ́mọ ti bá Ìkòròdú pààlà. Ilẹ̀ Yorùbá gan-an ni. Níbẹ̀, kì í ṣe ìkòkò àti ẹwìrì mọ́. Ilé-iṣẹ́ ni wọ́n, pẹ̀lú ìléru ńlá, tí ń yọ́ bátìrì tí a kó jọ láti káàkiri, tí ń sọ òjé di búlọ́ọ̀kù, tí ọkọ̀ ojú omi sì ń gbé e láti Èkó lọ sí Amẹ́ríkà láti tún fi ṣe bátìrì tuntun. Ẹ wò ó bí òbíríkítí náà ti pé tó! Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìwé ìròyìn New York Times àti àwọn akọ̀ròyìn The Examination gbé ìwádìí jáde lórí ìlú náà. Àádọ́rin ènìyàn ni ó yọ̀ǹda ẹ̀jẹ̀ wọn fún àyẹ̀wò, àwọn òṣìṣẹ́ àti ará àdúgbò, àgbà àti ọmọdé. Méje nínú mẹ́wàá wọn ni òjé inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti dé ìwọ̀n tí ń ṣe ìpalára. Ìjọba Nàìjíríà ti ilé-iṣẹ́ mélòó kan pa fún ìgbà díẹ̀ ní ọdún kan náà.

A kò sọ èyí láti fi Nàìjíríà ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ bátìrì tí ó kú ní Bẹ̀nẹ̀ ń kọjá ẹnubodè lọ sí ìhà ibẹ̀. Ohun tí Ogijo kọ́ wa ni pé ilé-iṣẹ́ kò sàn ju ìkòkò lọ bí kò bá ní asẹ́ tí ń gba èéfín, bí a bá ń fi àáké fọ́ bátìrì, bí òṣìṣẹ́ bá ń wọ aṣọ iṣẹ́ lọ sílé láti gbé ọmọ rẹ̀. Iṣẹ́ náà ṣeé ṣe ní mímọ́ tó. Ẹ̀rọ wà tí ń fọ́ bátìrì nínú yàrá títì, ohun èlò wà tí ń pa oró ásíìdì, ilé ìwẹ̀ ṣeé kọ́. Ṣùgbọ́n owó ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá ra wọn kò ní lè san iye tí ẹni tí kò rà wọ́n ń san fún bátìrì àlòkù, ẹni tí ń kó bátìrì kiri yóò sì gbé tirẹ̀ lọ sí ibi tí owó ti pọ̀ jù. Báyìí ni ẹni tí ń dọ̀tí ṣe ń lé ẹni tí ń fọwọ́ kúrò lọ́jà, láìsí ẹni tí ó kórìíra ẹnìkejì rẹ̀.

Òfin ńkọ́? Òfin wà, ìtàn rẹ̀ sì dùn mọ́ wa láti kọ́ni. Ní ọdún 1988, wọ́n rí àwọn àgbá oró tí ó ti Ítálì wá ní Koko, ní gúúsù Nàìjíríà. Ní ọdún kan náà ni ọ̀rọ̀ àdéhùn láti gba pàǹtí olóró láti òkèèrè dá awuyewuye sílẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀. Ìbínú ìgbà náà ni ó bí Àdéhùn Bamako ti oṣù kìíní ọdún 1991, tí orílẹ̀-èdè wa fọwọ́ sí. Òun náà ni ó wà lẹ́yìn abala 29 nínú òfin ìpilẹ̀ṣẹ̀ wa ti ọjọ́ kọkànlá oṣù kejìlá ọdún 1990, tí ó ka kíkó pàǹtí olóró àjèjì wọ orílẹ̀-èdè yìí sí ìwà ọ̀daràn sí Orílẹ̀-èdè. Abala 27 ní kí olúkúlùkù ní àyíká tí ó dára fún ìlera. Ọ̀rọ̀ tí ó lágbára ni. Ṣùgbọ́n ọ̀tá tí ó ti òkun wá nínú àgbá ni àwọn tí ó kọ ọ́ ń wò. Bátìrì kì í wọlé bí pàǹtí. Bí ọjà ni ó ń wọlé, nínú ọkọ̀ àlòkù, nínú alùpùpù tuntun, nínú àpótí iná oòrùn. Ọwọ́ wa ni ó ń kú sí. Nígbà tí ó bá sì kú, pàǹtí ti ara wa ni, abala 29 kò mọ̀ ọ́n mọ́.

Ní Aklampa, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìwé ìtàn nìkan. Ìlú oko ni wá: iṣu, àgbàdo, ẹ̀pà, ṣóyà àti kajú. Iná oòrùn ni ó ń tan ọ̀pọ̀ ilé ní àwọn abà tí wáyà ìjọba kò dé, òun ni ó ń gba agbára fún fóònù, tí ó sì ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè kàwé lálẹ́. A kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ pé kí ó padà sí fìtílà epo kẹrosíìnì. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa léèrè ibi tí bátìrì iná oòrùn ilé wọn gbé lọ nígbà tí ó kú, ìdáhùn wọn kò ṣe ọ̀kan. Ti àwọn kan, ẹni tí ń ra irin àlòkù ni ó gbé e, lọ́jọ́ Ọjọ́rú tí ọjà Glazoué ń ná. Ti àwọn mìíràn wà lábẹ́ ibùsùn. Ọmọ kan ní ìyá àgbà òun ń fi tiwọn jókòó nígbà tí wọ́n bá ń bó ẹ̀pà. Àwọn ti fìtílà kékeré, tí kò wúwo, gbogbo wọn ni wọ́n sọ nù.

Ìdáhùn ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì, nítorí pé àwọn fìtílà kékeré wọ̀nyí kì í lo òjé mọ́. Lítíọ́ọ̀mù ni. Láti ọdún 1991, tí Sony kọ́kọ́ ta irú rẹ̀, ó ti gba inú fóònù, ó ti ń gba inú alùpùpù àti ilé. Ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 2019 lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́ta tí ó ṣiṣẹ́ lé e lórí. Kò ní òjé, èyí jẹ́ ìròyìn ayọ̀ fún ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n kò sí alágbẹ̀dẹ tí ó lè yọ́ ọ. Bí a bá fi àáké lù ú, iná ni yóò fi dáhùn. Irú rẹ̀ tí irin àti fọ́sífétì wà nínú rẹ̀, tí a ń lò jù fún iná oòrùn nísinsìnyí, kò ní kóbáltì tí ì bá mú kí ẹni tí ń ra irin àlòkù fẹ́ ẹ. Nítorí náà, ọ̀nà píìlì ni ó fẹ́ tọ̀, kì í ṣe ọ̀nà bátìrì: yóò wọlé, yóò ṣiṣẹ́, yóò kú, kò sì sí ẹni tí yóò wá a wá.

Àìsàn méjì ni ó wà nílẹ̀ nígbà náà, oògùn kan kò sì lè wo méjèèjì. Ti òjé, ó ń padà ju bí ó ti yẹ lọ, ọ̀nà burúkú ni ó ń gbà padà. Ti píìlì àti lítíọ́ọ̀mù, kò padà rárá. Fún èyí àkọ́kọ́, iṣẹ́ ìjọba ni, kò sì lè jẹ́ ti ìjọba kan ṣoṣo: bí Bẹ̀nẹ̀ bá ti ilé-iṣẹ́ pa, bátìrì yóò gba Tógò tàbí Nàìjíríà. Àwọn tí ń ra òjé náà ní òkèèrè ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ wọn. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ṣe òfin kan ní ọdún 2023 pé, láti ọdún 2031, ó kéré tán ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún òjé inú bátìrì tuntun gbọ́dọ̀ jẹ́ àlòkù. A kí wọn. Ṣùgbọ́n òjé àlòkù ni òjé Ogijo náà, kò sì sí àmì kankan lára búlọ́ọ̀kù tí ó tutù tán tí ó lè fi ti ibi mímọ́ hàn yàtọ̀ sí ti ibi ìdọ̀tí.

Fún èyí kejì, a kò nílò láti lọ jìnnà. Ta ni kò mọ̀ pé ìgò bíà àti ìgò ọtí dídùn ní owó tirẹ̀, yàtọ̀ sí owó ohun tí ó wà nínú rẹ̀? A ti ń san owó ìgò lórílẹ̀-èdè yìí kí a tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa, ìgò sì ń padà, láti abà tí ó jìnnà jù lọ. Ní Jámánì, ẹni tí ó ra bátìrì ọkọ̀ láìmú èyí tí ó kú wá yóò kọ́kọ́ san yúróò méje àbọ̀ tí a óò dá padà fún un nígbà tí ó bá mú un wá. Orílẹ̀-èdè tí ó ṣe òfin lórí ọ̀rá ní ìparí ọdún 2017, tí àwọn ìyá ọlọ́jà sì rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, lè ṣe irú èyí fún fìtílà àti bátìrì iná oòrùn. Kí a gba owó náà ní ẹnubodè, lọ́wọ́ ẹni tí ó kó o wọlé, kí a má ṣe gbà á lọ́wọ́ àgbẹ̀.

Títí di ìgbà náà, àwọn kọ́múnù wa ń ra iná oòrùn fún òpópónà, ilé ìwòsàn àti kànga ẹlẹ́rọ, àwọn àjọ òkèèrè sì ń fi òmíràn ta wọ́n lọ́rẹ. Ìwé àdéhùn a máa sọ iye iná tí yóò tàn àti ọdún tí yóò fi tàn. A ń rọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ó wà nínú ìgbìmọ̀ kọ́múnù, ní Glazoué, ní Dassa àti ní Savalou, pé kí wọ́n bèèrè fún ìlà kan sí i nínú ìwé náà kí wọ́n tó fọwọ́ sí i: orúkọ ẹni tí yóò wá gbé bátìrì náà nígbà tí ó bá kú, àti orúkọ ìlú tí ó ń gbé e lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Aklampa ti ń kọ ti ilé wọn sínú ìwé, bátìrì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọdún tí ó wọlé. Ti ìyá àgbà tí wọ́n fi ń jókòó ni ó ṣìkejì nínú rẹ̀.